Tábìlì Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi máa ń bi mí pé ṣé ẹ̀gún wà lórí àpótí tí mo bá jókòó lé ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ẹ̀gún náà kò tíì kúrò. Mo máa ń jẹun lórí ìdúró. Tí fóònù bá dún, mo máa ń rìn ká inú yàrá títí tí ẹni tó pè mí á fi parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí mi, ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni n óò kà, n óò ti mọ ibi tí ẹ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, n óò sì ti dìde. Àwọn èèyàn ń pè é ní ìyára. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Iṣẹ́ mi nìyí: èmi ni mò ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gàrí kan lójú ọ̀nà tó ti Ẹdẹ lọ sí Sekona. A tó bí ogójì. Àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń rin ín, àwọn kan ń yan gàrí, àwa díẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì. Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ náà kì í wá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, nítorí náà èmi ni mò ń gbani síṣẹ́, èmi ni mò ń báni wí, èmi náà ni mò ń fún èèyàn ní kúẹ́rì. Kúẹ́rì mẹ́ta, ilé yá. Ìwé òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Mo kọ ti pípẹ́ dé síbẹ̀, mo kọ ti olè, mo kọ ti ìjà, mo kọ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn lè fi kírun. Kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ bá yí padà lẹ́nu iṣẹ́. Àfi bíi pé mo rò pé bí a ṣe gbà wọ́n wọlé náà ni wọ́n á ṣe wà títí ayé.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fi yangàn: ẹni tó bá wọlé kí ọ, o gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kíákíá, pẹ̀lú ọ̀yàyà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún wa láti Ara, láti Awo, láti àwọn abúlé àárín wọn, àgbààgbà ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ pọ̀ káàkiri. Tí a bá rí wọn fín, wọ́n á yí ọkọ̀ padà, wọ́n á gba ibòmíràn lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, èèyàn lè pẹ́ dé kí wọ́n má bínú, èèyàn lè ṣe ọ̀lẹ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí àgbà sálámà sí ọ kí o dákẹ́ mọ́ ọn lójú? Háà! Wọ́n á bèèrè ilé tí wọ́n ti bí ọ.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń gba ẹ̀gẹ́ wọlé. Ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ kí n tó mú un wá sí ọ́fíìsì, torí pé ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì ló ń tọ́. Òun àti Bàbá akọ̀wé ni wọ́n jọ wà nínú yàrá kan. Bàbá ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí Alhaja ti ṣí ilé iṣẹ́ náà. Bàbá náà ti ṣe ìdí ẹ̀rọ rí kí ọjọ́ ogbó tó gbé wọn wọ ọ́fíìsì. Bàbá ló ni tábìlì tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ti ọmọbìnrin yìí kọjú sí ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àgbà ló ń wo ẹnu ọ̀nà, àgbà ló ń gba ìkíni àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bèèrè.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ wá láti ẹnu Alhaji kan láti Ara. Wọ́n ní àwọn wọlé nígbà tí Bàbá ò sí níjókòó, àwọn sálámà, ọmọbìnrin náà ò yíjú padà. Wọ́n tún un ṣe, ó ń kọ̀wé lọ ràì. "Ṣé torí pé aṣọ oko ló wà lọ́rùn mi ni?" ni wọ́n bi mí. Inú mi ru. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, kúẹ́rì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ yẹn dáhùn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo fi sínú fáìlì. Mo ní ó parí.

Kò parí o. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá kan láti ẹ̀bá Awo mú ẹ̀sùn kan náà wá, ìyẹn tiẹ̀ búra pé òun ò ní kó ẹ̀gẹ́ wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo pe ọmọbìnrin náà wọ ọ́fíìsì mi. Mo ń bá a wí, mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀, bí ìṣe mi. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni ojú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tí àgbà bá ń bá ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa wí, ilẹ̀ ló máa ń wò. Eléyìí ń wò mí lójú kòrókòró. Tí mo bá yí sọ́tùn-ún, á yí ọrùn tẹ̀ lé mi. Tí mo bá kọ ẹ̀yìn sí i, á fẹ́ yọ́ bọ́ síwájú mi.

"Èmi lò ń wò báyìí? Ṣé o fẹ́ gbá mi létí ni?"

Ó yára kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

Lórí ìkúnlẹ̀ náà, ó ṣì ń wo ẹnu mi. Mo ní ọmọ yìí láyà o! Mo fún un ní kúẹ́rì kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló mú lẹ́tà wá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi. Mo ti dìde, mo ń lọ wo àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ka ìlà bíi mẹ́rin. Ó ní etí òun méjèèjì ti ń di láti bí ọdún mẹ́ta. Dókítà elétí kan ní Òṣogbo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn yẹn. Òun ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí tábìlì òun kó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo kà á dé. Kọjú sí ilẹ̀kùn kẹ̀? Ipò Bàbá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ ṣe mí, ìbínú ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́tà? Tí èèyàn bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣebí á wá nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, á kúnlẹ̀, á sọ ọ́ lẹ́nu. Tàbí kó rán ẹni tí ọ̀gá náà ò lè kọ̀ fún. Lẹ́tà, ẹni tó bá ń múra ẹjọ́ ló ń kọ ọ́. "Ta ló ń kọ́ ẹ ní lẹ́tà kíkọ sí mi?" ni mo wí bí mo ṣe tẹrí ba tí mò ń ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Kò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó dúró síbẹ̀, ó ń dúró de ẹnu mi.

"Mo ti gbọ́," ni mo sọ. "Màá wò ó."

Ẹ wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn! Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Oṣù kan ààbọ̀ ni lẹ́tà náà lò nínú dúrọ́ọ̀ yẹn.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e, ojú ṣì ń tì mí títí dòní. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bàbá lọ kírun àìlà, èmi àti obìnrin méjì láti ibi ìyan gàrí yọ́ wọ yàrá wọn. A dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é. Mo tún pè é sókè. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ìkejì ní, "Ejò! Ejò wà lábẹ́ àga ẹ!" Ọmọbìnrin náà ń kọ̀wé lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín. Àárín ẹ̀rín náà ni mo bi ara mi léèrè. Tó bá jẹ́ pé ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Mo jáde. Mo rìn yí ọgbà ilé iṣẹ́ ká lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn èèyàn ń kí mi, mi ò mọ ẹni tí mo dá lóhùn àti ẹni tí mi ò dá lóhùn.

Wàyí o, mo ti mọ̀. Ẹni tó ní làákàyè á pe ọkùnrin méjì, wọ́n á gbé tábìlì, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tán. Èmi kọ́! Mo ní a gbọ́dọ̀ ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ agboolé Bàbá lọ láàárín ìlú Ẹdẹ. Wọ́n fún mi ní àga, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde kúrò lórí rẹ̀. Mo ní Bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí ẹ jọ wà nínú yàrá ni mo bá wá. Mo ṣàlàyé. Wọ́n tẹjú mọ́ mi bí mo ti ń sọ ọ́, wọn ò ṣẹ́jú.

"Mi ò bá ọmọ náà jà," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Àmọ́ ṣé òun ló rán ọ? Kí ló dé tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá? Ibi tí mo ti ń jókòó láti ìgbà yìí wá, kí wọ́n wá fi bébà gbé mi kúrò níbẹ̀?"

Ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ, kí ọmọ náà fi òróró àdí sétí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dúró síwájú ọmọbìnrin náà. Mo la ẹnu mi dáadáa. Mo ní kó mú ìyá rẹ̀ dání, kó lọ sílé Bàbá, kó kúnlẹ̀, kó bẹ̀ wọ́n. Ó wo ẹnu mi títí tí mo fi parí.

"Kí n bẹ̀ wọ́n, mà?"

"Ẹ̀ẹ́n ni."

"Kí ni mo ṣẹ̀?"

  Kò dúró de èsì mi kó tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, bíi ti ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa: "Mo ti bẹ̀bẹ̀ nínú kúẹ́rì méjì lórí ohun tí mi ò ṣe, mà. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ pé etí ni. Tí mo bá tún bẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, èmi gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé èèyànkéèyàn ni mí."

Àwọn tó wà níta gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí, ojú títì sì máa ń di ìbínú lọ́wọ́ mi kíákíá. Mo pè é ní agbéraga, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ mi o: èmi tí mo fi lẹ́tà rẹ̀ pa mọ́, èmi tí mo jẹ́ kí wọ́n pe ejò sí i lẹ́yìn, èmi ni mo pè é ní agbéraga.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ẹ̀sùn kẹta fi dé, ọ̀tọ̀ sì ni tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Alhaja, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wá gbé gàrí. Wọ́n wọlé nígbà tí Bàbá ò sí níjókòó, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ níbí o, ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà ni wọ́n rí. Wọ́n dúró. Wọ́n tún kí i. Nígbà tó pẹ́, wọ́n lọ bá àbúrò wọn ní ọ́fíìsì. Alhaja ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Nínú ilé iṣẹ́ mi! Kúẹ́rì mélòó ló ti gbà?"

"Méjì, mà."

"Fún un ní ẹ̀kẹta. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, kó máa lọ sílé rẹ̀."

Ọjọ́ Àtàlátà la wà. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Alhaja, ọmọ náà ò gbọ́ràn. Ó ti dé ètè mi. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo rò ó, mo rí i pé ìyà á jẹ mí, mo sì gbé e mì. "Ó dáa, mà," ni mo wí. Ta ló máa gba ẹni tí kò gbọ́ràn síṣẹ́ ní Ẹdẹ, pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́rùn? Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ní ó dáa, mà.

Lọ́jọ́ Àlàrùba, mo tẹ lẹ́tà ìlélọ náà. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, mo padà, mo lọ wo ibi ìyan, mo padà. Ẹnì kan bi mí pé ṣé nǹkan sọnù lọ́wọ́ mi ni. Mo jágbe mọ́ ọn.

Àárọ̀ Àlàmísì ni mo mú lẹ́tà náà lọ bá a. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó la ẹnu, ó ti yí padà, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ti kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà!" Ó yà mí lẹ́nu. Mo wo orí tábìlì rẹ̀. Dígí kékeré kan, irú èyí tí a fi ń tọ́ tìróò, ló gbé ti ògiri níwájú rẹ̀, ó fi ìwé méjì há a kó má baà ṣubú. Inú dígí yẹn ni mo ti rí ara mi, ẹnu ọ̀nà sì wà lẹ́yìn mi.

"Ọjà ni mo ti rà á lánàá, mà," ló wí. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ń rí wọn báyìí kí wọ́n tó wọlé."

Mo fi lẹ́tà ìlélọ sẹ́yìn mi. Omi lé sí mi lójú, mo sì bínú sí omi náà. Mo padà sí ọ́fíìsì mi, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú lẹ́tà tirẹ̀ jáde, mo gba ọ̀dọ̀ Alhaja lọ.

"Alhaja, ẹjọ́ mi ni," ni mo wí kí wọ́n tó ní kí n jókòó.

Alhaja ò yára bíi tèmi. Wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á síta. Wọ́n ka ìlà mẹ́rin tí mo mọ̀, wọ́n kọjá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù fún ìgbà àkọ́kọ́: "Mi ò fẹ́ ipò Bàbá. Kí wọ́n jẹ́ kí tábìlì wa méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwa méjèèjì jọ máa wo ilẹ̀kùn. Ó máa dára fún Bàbá náà."

Alhaja bọ́ awò ojú. "Kí ló dé tó fi máa dára fún Bàbá?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀ báwo? Ọwọ́ ẹ ni lẹ́tà wà. Ọjọ́ tó kọ ọ́ rèé lókè."

"Mi ò kà á débẹ̀, mà."

Wọ́n tún fi ìka kan ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà náà. "Oṣù kan ààbọ̀," ni wọ́n wí, wọn ò pariwo rárá. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo.

Wọ́n ní kí n pe àwọn méjèèjì wá. Bàbá jókòó, ọmọbìnrin náà dúró tì wọ́n. Alhaja tẹrí ba sórí lẹ́tà, wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó dárúkọ yín síbí?" Bàbá ò fèsì. Alhaja tún bi wọ́n, ojú wọn ṣì wà lórí bébà. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo fèrèsé. Nígbà náà ni ọmọbìnrin yìí rọra fọwọ́ kan apá aṣọ Bàbá, ó sì tọ́ka sí ẹnu Alhaja.

Bàbá gbójú sókè. "Ẹ dákun, kí lẹ wí?"

 Mo wo Bàbá, mo wo ọmọbìnrin náà. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n fọwọ́ pa orí.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ni wọ́n wí. "Tí mo bá ti rí ẹni tó ń wọlé, mo máa ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí ẹ bá gbé mi kúrò lójú ilẹ̀kùn yẹn, mo parí nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ti kọ́kọ́ wọ yàrá náà. Ìdí ẹ̀rọ kan náà, nínú ariwo rẹ̀, ni àwọn méjèèjì ti wá. Ó lè fi Bàbá gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú èsì kúẹ́rì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí Bàbá ò fẹ́ kí ayé gbọ́. Ohun tó wá ń dùn mí nìyí: láti ọdún yìí wá, tí èèyàn bá kí Bàbá tí wọn ò dáhùn, a máa ń ní àgbà ò gbọ́ ni, a ó lọ síwájú wọn, a ó tún un sọ, a ó tẹrí ba dáadáa. Tí ọmọbìnrin yìí ò bá dáhùn, a ní ó ń fojú di wa. Etí kan náà! Ọ̀kan gba ọ̀wọ̀, èkejì gba kúẹ́rì, ọwọ́ mi ló sì fún un.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, tábìlì méjèèjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá ráhùn títí ilẹ̀ fi ṣú pé fáànù ò kan àwọn dáadáa mọ́. Alhaja bi ọmọbìnrin náà pé kí ló tún fẹ́. Ó ní ohun kan péré: kí n yọ kúẹ́rì méjèèjì àti èsì tó kọ sí wọn kúrò nínú fáìlì òun. Ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí i lọ́jọ́ kan pé ìyá wọn tọrọ àforíjì torí pé kò gbọ́ràn. Mo yọ wọ́n níṣojú rẹ̀, mo fà wọ́n ya. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà, ó sì yára fà mí dìde, ó ní kí n má dá òun lóró.

Alhaja kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ojú ewé tí kò sí nínú ìwé òfin mi. Wọ́n ní kí n má sì jókòó sí ọ́fíìsì kọ ọ́. Kí n gbé àga lọ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí n jókòó níbẹ̀, kí n bi àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ni ara wọn ń fẹ́ kí iṣẹ́ tó lè rọrùn, kí n sì ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní torí rẹ̀ lọ sílé. Èmi, jókòó! Ẹ ò mọ irú ìyà tí wọ́n fi jẹ mí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó láti àárọ̀ títí di àìlà láàárín àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. "Kò sí wàhálà, mà. Ara le, mà. A dúpẹ́, mà." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ọ̀bẹ ń lọ, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan ní ìdí òun ò lè gba orí àpótí kúkurú mọ́, ṣé òun lè rí èyí tó ga? Mo wá a fún un lọ́jọ́ náà. Bóyá ìyẹn ló la ọ̀nà fún àwọn yòókù láti sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà ìsinmi, ọkùnrin tó ń da ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń rin ín wá bá mi. Ó dúró lókèèrè. Ọkùnrin gìrìpá ni, kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Mà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò ní lé èèyàn?"

"Lóòótọ́ ni. Wá, jókòó."

Kò jókòó. Ojú rẹ̀ ò kúrò ní ẹnu mi, mo sì ti mọ̀ kó tó sọ ọ́.

"Èmi náà ò gbọ́ràn mọ́, mà. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Nídìí ẹ̀rọ yẹn, àwọn obìnrin méjì ló máa ń fọwọ́ ti ẹ̀gẹ́ sí i. Ọwọ́ ọkùnrin yìí nìkan ni ohun tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ náà wà. Tí ẹ̀rọ bá gbá ìka tàbí aṣọ ẹnikẹ́ni mú, òfin ni pé kí wọ́n pariwo "Pa á!" kí òun sì pa á lójú ẹsẹ̀.

"Tí wọ́n bá wá pariwo pé kí o pa á ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò ní gbọ́, mà. Àdúà ni mo máa ń ṣe láràárọ̀ pé kí wọ́n má pariwo."

"Ọdún méjì! Kí ló dé tí o ò wá sọ fún mi?"

Kò rí ẹnu mi nígbà tí mo sọ ìyẹn, torí ilẹ̀ ló ń wò. Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo tẹrí ba kí ojú wa lè ṣe mẹ́rin, mo tún bi í.

"Mo rí kúẹ́rì tí ẹ ń fún ọmọbìnrin yẹn," ló wí.

Ìsinmi ti ń parí. Àwọn obìnrin méjèèjì ti gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ sórí, wọ́n ń padà lọ sídìí ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo sáré. Mo ń sáré, mò ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ náà, mo sì na apá mi méjèèjì, mo dúró síwájú rẹ̀ títí Alhaja fi dé.